Ọkọ̀ Ìdílé: Ọ́ìlì Gíà Tó Ń Jò

Bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì tó ti dàgbà gun òkè Màpó láti Ìsàlẹ̀ Òsì, ẹ má fojú kékeré wo ọ́ìlì pupa tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì gíà ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá tán, gíà yóò gbóná, yóò sì jóná. Owó gíà mìíràn sì lè gbé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé gíà ti bàjẹ́, ẹ yẹ páìpù tó ń gbé ọ́ìlì náà lọ tutù nínú rédíétọ̀ wò. Ibi tí irin ti pàdé rọ́bà ló sábà máa ń jò. Kí mẹkáníìkì gé ibi tó gbó, kí ó fẹ ẹnu irin díẹ̀ kí rọ́bà má baà yọ, kí ó sì fi kílíìpù de orí méjèèjì. Rọ́bà ọ́ìlì gíà ni o, kì í ṣe rọ́bà omi! Ọ́ìlì gbígbóná yóò sọ tọ̀hún di rírọ̀ bí àmàlà. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń dí táńkì epo kò wúlò níbí.

Ẹ bu irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì wo abẹ́ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.