Ẹ Sọ Ọjọ́ Orí Kámẹ́rà fún Wa Kí Ẹ Tó Gba Owó Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá tipẹ́, a kàn ń pa á mọ́ra ni. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí, iṣẹ́ fótò ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń san owó ilé, òun ni wọ́n fi ń ra ìwé, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ran àbúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tòkunbọ̀ ni yóò rà, nítorí owó kámẹ́rà tuntun ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀: kí ẹni tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì gba ọjà rẹ̀ padà bí ohun tó sọ kì í bá ṣe òótọ́.

Ọjọ́ orí tí à ń wí kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Nínú kámẹ́rà DSLR, ìkélé tín-ín-rín kan wà níwájú ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Shutter ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ni ó ń ṣí tí ó sì ń padé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbó díẹ̀díẹ̀. Canon fúnra wọn sọ pé wọ́n dán shutter EOS 60D àti EOS 6D wò dé ìgbà 100,000. Ti EOS 5D Mark III jẹ́ 150,000. Nikon pe ti D7000 ní 150,000. Kì í ṣe pé yóò kú lọ́jọ́ tó bá pé iye yẹn o. Òmíràn á kọjá rẹ̀ dáadáa, òmíràn kò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ayàwòrán tó bá ń ya fótò 2,000 níbi ìgbéyàwó kan, ìgbéyàwó 50 péré ni yóò fi lo 100,000 tán. Ẹni tó kọ́kọ́ ni kámẹ́rà náà lókè òkun lè ti lo 45 nínú rẹ̀ kí ó tó tà á. Ìyẹn ni wọ́n ń nù tó ń dán, tí wọ́n ń fi rọ́bà tuntun wọ̀, tí wọ́n á wá ní "ó mọ́ bí ẹyin." Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ẹni tó ta mọ́tò fún ọ tó fi tépù bo òǹkà máìlì?

Òǹkà yìí kò sì pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Ti Nikon máa ń wà nínú fáìlì fótò tí kámẹ́rà bá yà: ẹ ya ẹyọ kan, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀, àfi kí ẹ so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní ètò tó lè kà á. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ta ló wá yẹ kó ṣe é, ẹni tó ń fi kámẹ́rà títà jẹun, tàbí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń ra àkọ́kọ́ láyé rẹ̀?

Ọ̀kan nínú wa kó àjọ oṣù mẹ́jọ, ó fi ra kámẹ́rà. Ó bèèrè iye ìgbà tí shutter ti ṣí. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, fótò lo fẹ́ yà àbí ìṣirò lo fẹ́ ṣe?" Kò pé oṣù méjì tí shutter fi kọ̀ tí kò ṣí mọ́, lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, pẹ̀lú owó àsansílẹ̀ èèyàn mẹ́rìnlá lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dá padà. Nígbà tó gbé kámẹ́rà lọ bá ọ̀gá, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni wọ́n nawọ́ sí: ọjà tó bá ti jáde kò ní àbọ̀.

Ti báàgì ńkọ́? Ẹlòmíràn nínú wa ra báàgì kámẹ́rà tí wọ́n ní omi kò lè wọ̀. Ó gun ọ̀kadà nínú òjò, omi sì gba ojú síìpù àti ojú ihò abẹ́rẹ́ wọlé. Kò mọ̀. Ó gbé báàgì náà sí abẹ́ ibùsùn tòun ti lẹ́ńsì nínú rẹ̀ títí ìdánwò fi parí, ó sì bá nǹkan funfun bí òwú nínú lẹ́ńsì, irú èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì. Báàgì tó lè gba ìrì díẹ̀ sára yàtọ̀ sí èyí tí omi kò lè wọ̀, olùtajà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ báàgì gidi máa ń ní aṣọ òjò tiwọn nínú àpò kékeré nísàlẹ̀. Báàgì tí kò ní i, kí wọ́n má fi òjò yangàn. (Àwọn tó tún ń kọ orúkọ kámẹ́rà gàdàgbà sára báàgì, ṣé olè ni ẹ ń ránṣẹ́ sí ni?)

Àwọn kan á ní bí ọjà wa ṣe rí nìyẹn, kí oníbàárà la ojú rẹ̀. Irọ́ ni. Bí ọjà wa ṣe rí kọ́ nìyẹn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta gàrí, ẹ ó bu díẹ̀ sẹ́nu kí ẹ tó dá owó. Elépo á ní kí ẹ tọ́ ọ wò. Aláṣọ á tú aṣọ délẹ̀. Bí iṣu tí ẹ rà lọ́wọ́ oníbàárà yín bá jẹrà nínú, ẹ ó gbé e padà lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, á sì fi òmíràn rọ́pò, nítorí ó fẹ́ kí ẹ tún wá. Àwọn wọ̀nyí ń ta ohun tí ẹgbẹ̀rún mélòó kan tó, wọ́n sì ń jẹ́ ká tọ́ ọ wò. Ẹni tó ń gba owó oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ wá ní òun kò lè tan kọ̀ǹpútà.

Òfin náà kò sì gbè wọ́n. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó wà fún ààbò oníbàárà ní Nàìjíríà, ní kí olùtajà fi hàn gbangba bí ọjà bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe. Ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò, ó ní kí wọ́n fún wa ní rìsíìtì, ó sì gbà wá láyè láti dá ọjà tó lábùkù padà láàárín àsìkò tó tọ́. Ìwé orí ògiri kò lè pa òfin rẹ́. Àjọ FCCPC ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọ̀nyí.

Bí àwọn oníbàárà bá sọ̀rọ̀ pọ̀, nǹkan máa ń yí padà. Nígbà tí Nikon gbé D600 jáde ní 2012, àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì dúdú dúdú nínú fótò wọn. Wọn kò dákẹ́. Wọ́n ń fi fótò wọn hàn káàkiri títí di oṣù kejì 2014, tí Nikon fi gbà láti yẹ kámẹ́rà náà wò kí wọ́n sì pààrọ̀ shutter rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bí wáráńtì bá ti tán. Oṣù tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà gbé ọ̀rọ̀ náà sáfẹ́fẹ́, ìjọba Shanghai ní kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn o.

Àwa ńkọ́? Ẹni tó bá kó sí ọ̀fìn ń tijú, kò jẹ́ sọ. Èyí tó burú jù ni ti àwọn kan láàárín wa tó ń mú àwọn ọmọ ìpele kìíní lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n mọ̀ pé ọjà rẹ̀ kò dára, nítorí owó ojú tí ọ̀gá ń fún wọn. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Ẹ mọ ara yín.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ ra kámẹ́rà gbé kọ̀ǹpútà dání. Kí rìsíìtì gbé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kámẹ́rà, iye ìgbà tí shutter ti ṣí lọ́jọ́ náà, àti iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà. Olùtajà tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, kí a fi kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà tiyín báyìí, ọ̀dọ̀ yín ni a ó kọ́kọ́ wá.