Ẹni Tí Yóò Dáṣọ fún Ni

Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó bá ti gbọ́n díẹ̀ mọ ohun tí òwe yìí ń wí, n kò ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ alàgbà kan nínú ìjọ wa, olórí ẹgbẹ́ ajíhìnrere, tó ń kọ́lé lẹ́yìn ilé wa.

Àwọn bíríkìlà àti lébìrà tó bá a to búlọ́ọ̀kù dé orí fèrèsé kò tíì gba owó wọn. Ó ti lé ní oṣù méjì. Lónìí, alàgbà ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á ní ó ti lọ sí ìpàdé àdúrà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó gbé agogo, ó ń ké sí àdúgbò pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ Jésù, ó sì ń pín ìwé pélébé. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà náà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọmọ Mùsùlùmí ni. Alàgbà na ìwé sí i. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti là yánnayànna, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ ṣé o, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó wa ńkọ́?” Alàgbà dá a lóhùn pé, “Ohun tí mo fún ọ yẹn ju owó lọ.” Ó sì kọjá sí ojúlé kejì.

Ọjọ́ kejì ni ìkórè. Wọ́n pe alàgbà síwájú, òun àti ẹbí rẹ̀ jó dé ibi pẹpẹ nínú ankárá ìkórè, wọ́n kéde iye tó dá, ìjọ sì hó yèè.

Èmi ti dá ẹjọ́ tèmi ná. Owó ọlọ́wọ́ ni alàgbà fi ṣe ìkórè, ìgbàgbọ́ tó sì ń gbé kiri àdúgbò, òun fúnra rẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́. Kò sí ibi tí Bíbélì ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Léfítíkù orí 19 ẹsẹ 13 sọ pé owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́ ni lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Deutarónómì orí 24 ní kí oòrùn má wọ̀ lé e, nítorí pé tálákà ni ẹni náà, ojú owó yẹn ló sì ń wò. Jákọ́bù orí 5 gbà pé owó tí a kò san yẹn gan-an ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni alàgbà ti kọ́ wa rí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Lóòótọ́, ilé kíkọ́ ti le. Sìmẹ́ńtì àti irin kò ṣe é sún mọ́ mọ́. Ẹni tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró, kó bẹ àwọn òṣìṣẹ́, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bú u. Àmọ́ owó kò tán lọ́wọ́ alàgbà, gbogbo wa la gbọ́ iye tó dá. Arábìnrin kan ní kí n rántí pé Jésù ní ká má ṣe dá ni lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Bí a bá ní kí onígbèsè san gbèsè, owó la béèrè, a kò dá ọkàn rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ibi tí mo ti ń bínú sí alàgbà ni òwe mìíràn ti sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ta ló gba epo yìí sílẹ̀? Àwa ni. Àwọn ìgbìmọ̀ ìkórè mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àwọn lébìrà náà, nítorí pé méjì nínú wọn ń gbé ní òpópónà wa. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà alága ìkórè sí i.

Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Òóyè, Iléṣà, ní oṣù Keje ọdún 1930, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti fi iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà sílẹ̀ ní 1928, àwọn èèyàn kó ońdè àti oògùn wọn jáde, wọ́n sun ún lójú gbogbo ayé. Aládùúgbò kò ní láti béèrè ohun tó yí padà. Títí di òní, ìjọ wa ṣì ń bi ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi bóyá oògùn wà nílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá owó òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìjọ ti béèrè ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Nígbà tí ìgbàgbọ́ ń ta gbòǹgbò ní Abẹ́òkúta àti Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kan wà tí wọ́n ní ẹrú nílé. Àwọn kan ní àṣà ìlú ni, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1880, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ti fòfin dè é fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó dun àwọn tó dùn, síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́.

Nínú Mátíù orí 5, Jésù kò ní kí ẹnikẹ́ni má mú ọrẹ wá. Ó ní kó fi í sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ná, kó lọ parí ọ̀rọ̀ òun àti ẹnìkejì rẹ̀, kó tó padà wá. Sákéù agbowó-òde kò dúró kí wọ́n rán òun, ó dìde nínú ilé ara rẹ̀, ó ní ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun yóò san án ní ìlọ́po mẹ́rin. N kò béèrè ìlọ́po mẹ́rin lọ́wọ́ alàgbà wa. Kí ìgbìmọ̀ ìkórè yọ owó àwọn lébìrà náà nínú ohun tó dá, kí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí alàgbà fúnra rẹ̀ kà á lé wọn lọ́wọ́. Òrùlé gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé tí ìjọ fẹ́ fi owó ìkórè kàn lè dúró di ìkórè tó ń bọ̀.