A kò fi òṣùwọ̀n ẹrù mọ àárẹ̀ ènìyàn

Ìròyìn ìdílé, ti ìkómọ àti ti ìgbéyàwó, wà ní ojú ewé tí ó kàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa tí a ń kọ abala yìí gan-an, ẹ̀bi wa sì wà níbẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó kọjá, ìyá kan nínú wa tí ó ń ta èlùbọ́ tún pẹ́ dé. Ìyá náà sanra gidigidi. Kò pẹ́ tí ó jókòó tí oorun gbé e lọ, ó sì ń hanrun. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Jíjẹ àti sísùn ni iṣẹ́ màmá yìí." Àwa ni akọ̀wé. A ṣí ìwé, a kọ owó ìtanràn sí orúkọ rẹ̀, a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìpàdé tú, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, màmá mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ti ń jí. Lóru, èémí wọn a dúró, wọn a sì ta jí bí ẹni tí ń rì sómi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun gbé wọn lọ níwájú iná tí ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀." Ojú tì wá, a kò mọ ohun tí a ó sọ.

Iṣẹ́ ìwé ẹrù ní rélùwéè ni iṣẹ́ wa. Òótọ́ ni pé ojú irin kò dé Sókótó, Kaura Namoda ni ó dúró sí, ṣùgbọ́n níbi tí ó dé ni a ti kọ́ iṣẹ́ náà. A ó gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, a ó kọ kílò rẹ̀ sínú wébíìlì, ó parí. Òṣùwọ̀n a máa sọ bí àpò ti wúwo tó. Kì í sọ bí ó ti rẹ alábàárù tí ó gbé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ara ènìyàn. Ní ilé ìwòsàn, wọn a wọn kílò ẹni, wọn a wọn gíga rẹ̀, wọn a sì fi gíga náà pín kílò náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.60 tí ó sì wọn kílò 110, ohun tí yóò jáde fún un jẹ́ 43. Bí ó bá ti tó 40, ìsanrajù tí ó le ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè ní 43 kan náà, kí ọ̀kan máa lọ sí ọjà kí ó sì máa bọ̀, kí èkejì má lè ti yàrá dé ẹnu ọ̀nà láì sinmi. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ bi.

Ẹ ó ní, ṣé a kì í bi í ni? A ń bi í lójoojúmọ́. Àwọn Hausa aládùúgbò wa a máa kí ni pé, "Ina gajiya?" èyíinì ni pé, àárẹ̀ ńkọ́? A ó sì dáhùn pé, "Ba gajiya," kò sí àárẹ̀. Ìyá yìí a ti dáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó dé ìsọ̀ rẹ̀. Ìkíni dára, ṣùgbọ́n ìkíni kì í ṣe ìwọ̀n. Ní èdè tiwa pàápàá, ọ̀rọ̀ kan ni a fi ń pe ohun méjì: àárẹ̀ ni àárẹ̀ iṣẹ́, àárẹ̀ náà ni àìsàn. Bí ẹnì kan bá ní "ó rẹ̀ mí", a kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni, bóyá èémí ni, bóyá oorun ni, tàbí ọkàn.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ṣe ìbéèrè tí a fi ń wọn àárẹ̀. Ní 1989, Lauren Krupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé gbólóhùn 9 jáde. Ẹni tí à ń wọ̀n yóò gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì mú nọ́ńbà, láti 1 bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ rárá, dé 7 bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tí àárẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ń wá: ṣé ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣé ó ń dí ẹbí lọ́wọ́. Wọn a ro ó pọ̀, wọn a pín in sí 9. Bí ó bá tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àárẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àwọn tí ó ní àrùn multiple sclerosis àti lupus ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀n. Nítorí náà ni àwọn oníwádìí kan ní Ítálì, ní 2013, fi yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn tí ó sanra jù, láti mọ̀ bí ó bá wọn àwọn náà dáadáa.

Oorun ní ìbéèrè tirẹ̀, nítorí pé oorun yàtọ̀ sí àárẹ̀. Murray Johns ní Ọsirélíà ni ó gbé e jáde ní 1991. Ọ̀nà 8 ni ó béèrè: bí oorun ti lè gbé ọ tó bí o bá ń kàwé, bí o bá wọ ọkọ̀ fún wákàtí kan, bí o bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bí o bá jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìpàdé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Ẹni tí ó bá kọjá 10, kí ó lọ rí dókítà. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: oorun inú ìpàdé tí àwa fi ń ṣe ẹlẹ́yà, ó wà nínú ìwé dókítà.

Wíwọ̀n yìí wà kí a lè mọ ohun tí a ó tọ́jú. Lára ẹni tí ó sanra jù, ọ̀nà ọ̀fun lè máa dí lójú oorun, kí èémí dúró, kí ó ta jí lọ́pọ̀ ìgbà lóru tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rọ wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú fún irú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ó lè jẹ́ pé ọkàn kò lágbára mọ́, ó sì lè jẹ́ ìbànújẹ́ tí ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti pè ní ọ̀lẹ, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ó rẹ òun.

Ìyá wa ti lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń túmọ̀ ìbéèrè fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dáhùn pé kò sí àárẹ̀, bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dé orí oorun inú ọkọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mẹ́ta ni." Wọ́n rí i pé ṣúgà rẹ̀ ga, ó ti ń lo oògùn, wọ́n sì ń ṣètò àyẹ̀wò oorun. Òun ni ó gbà kí a kọ èyí, kí a má ṣáà dárúkọ rẹ̀.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ 7, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ẹ jẹ́ kí ó fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 sọ bí ó ti rẹ òun tó, kí ó sì sọ ohun tí kò lè ṣe lọ́jọ́ náà. Kí ẹni tí ó ń sùn ní yàrá náà kọ ìhanrun àti èémí tí ó dúró. Ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ ti ooru oṣù Ẹ̀pírì. Ooru a máa mú gbogbo wa, ṣùgbọ́n kì í mú ènìyàn sùn níwájú iná. Ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà.

Ẹgbẹ́ ti pa owó ìtanràn náà rẹ́. Àga kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn báyìí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ti ìyá wa ni. Àwa akọ̀wé lọ sí ilé rẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ó sì dárí jì wá.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ẹ kí i. Ẹ bi í pé, "Ina gajiya?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.