Bí Ẹranko Bá Pè Wá Lẹ́jọ́, Ẹ̀rí Wo La Ó Mú Wá?

   Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà ìjọ mọ́sáláásí wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú tí a torí yín ń tẹ ìwé yìí, a ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn fíìmù ọ̀bọ tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti máa wò. Eré yìí kì í ṣe ti àná. Ará Faransé kan, Pierre Boulle, ló kọ ìwé rẹ̀ ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1968. Nínú fíìmù ti 1968 yẹn, àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú balẹ̀ sí ayé kan tí ọ̀bọ àti ìnàkí ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gun ẹṣin, tí wọ́n ní adájọ́ àti ọ̀mọ̀wé, tí ọmọ ènìyàn sì jẹ́ ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń fi àwọ̀n mú, tí wọ́n ń há mọ́ inú àgò. Ìgbà tí eré ń parí lọ ni ọkùnrin tó jẹ́ olórí eré rí ère ńlá ti ìlú New York tí iyanrìn etí òkun ti bò mọ́lẹ̀. Ó wá yé e pé ayé tiwa yìí náà ni òun wà, pé ọmọ ènìyàn ló fi àdó olóró ba ilé ara rẹ̀ jẹ́, tí ọ̀bọ fi jogún rẹ̀.

Láti 2011 ni wọ́n ti tún ń ṣe òmíràn jáde. Nínú àwọn tuntun wọ̀nyí, oògùn tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nínú ilé àyẹ̀wò ló fún ọ̀bọ ní òye, òun náà ló sì di àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Nínú èyí tó jáde ní 2014, àwọn ènìyàn díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní ìlú San Francisco ń wá iná mànàmáná, ìsédò tó lè fún wọn ní iná sì wà nínú igbó tí àwọn ọ̀bọ fi ṣe ilé. Caesar, olórí ọ̀bọ, fẹ́ kí wọ́n jọ gbé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n Koba, ìgbákejì rẹ̀, kò gbà. Wọ́n ti gé e lára gégé nínú ilé àyẹ̀wò nígbà tí kò ì tíì lóye, àpá náà ṣì wà lára rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé kó gbàgbé? Níbẹ̀ ni ogun ti dé.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ àròsọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì ti Chernobyl, ní ilẹ̀ Ukraine, bú gbàmù. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó gbogbo ará ìlú Pripyat, nǹkan bí 49,000 ènìyàn, sínú bọ́ọ̀sì. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú ajá àti ológbò wọn dání. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán àwọn tó ń fi ìbọn pa àwọn ẹran tó ṣẹ́kù. Ìlú di ahoro. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìkookò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti àgbọ̀nrín ńláńlá ti gba ibẹ̀. Ní 1998, wọ́n kó irú àwọn ẹṣin igbó kan tó ṣọ̀wọ́n láyé wá síbẹ̀, wọ́n sì ń bí sí i. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí oró inú ilẹ̀ náà ń ṣe lára wọn. Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé ibi tí àwa kò lè gbé mọ́ ni wọ́n ti rí àyè.

Àwọn òbí kan ti bá wa sọ̀rọ̀ pé kí a kọ irú fíìmù báyìí fún àwọn ọmọ, pé ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹranko ń rojọ́. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò bá wọn pa ohùn pọ̀. Gbogbo ọmọ tó bá ti ka Súrà An-Naml mọ ohun tí èèrà sọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ànábì Sulaimọ́nù ń bọ̀, ó sì mọ iṣẹ́ tí ẹyẹ hudhud jẹ́ láti ilẹ̀ Saba. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn ọmọ wa mọ Caesar àti Koba, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ẹjọ́ ènìyàn àti ẹranko tó dára ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ wà ní èdè Lárúbáwá, èdè tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́.

Ní ìlú Basra, ní ilẹ̀ Ìráàkì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin Híjírà, ìyẹn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ kan kó ara wọn jọ. Wọ́n fi orúkọ ara wọn pamọ́, wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Ikhwān aṣ-Ṣafā', èyí tí a lè pè ní Àwọn Ọmọ-ìyá Ọlọ́kàn Mímọ́. Wọ́n kọ ìwé kéékèèké tó lé ní àádọ́ta, lórí ìṣirò, ìràwọ̀, orin, ìwà àti ẹ̀sìn. Ìkejìlélógún nínú wọn dá lórí ẹranko. (A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ aáfáà àgbà kò fara mọ́ ìgbàgbọ́ ẹgbẹ́ náà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kó ẹ̀sìn lọ́dọ̀ wọn. Ìtàn wọn là ń wí.)

Ìtàn náà lọ báyìí. Ìjì gbé ọkọ̀ ojú omi kan sọ sí erékùṣù kan tí ó wà lábẹ́ ọba àlùjọ̀nnú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bīwarāsb. Ẹranko ló kún ibẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ẹnikẹ́ni kò yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rí i pé ibẹ̀ tù wọ́n lára, wọ́n tẹ̀dó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í de màlúù mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí wọ́n ń di ẹrù lé ìbaaka lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Àwọn ẹranko sá wọ inú igbó. Àwọn ènìyàn ń lépa wọn, wọ́n ní ẹrú àwọn tó sá lọ ni wọ́n. Ni àwọn ẹranko bá kọrí sí ààfin, wọ́n pe ọmọ ènìyàn lẹ́jọ́.

Ọba ní kí àwọn ènìyàn mú ẹ̀rí wá pé àwọn ni olówó ẹranko. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìran al-ʿAbbās, gun mínńbárì. Ó yin Ọlọ́hun, ó ka àwọn āyah Àlùkùránì tó sọ nípa ẹran-ọ̀sìn àti ìwúlò rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ẹjọ́ ti parí. Ìbaaka ló dìde fèsì. Kò bá Àlùkùránì jiyàn rárá. Ó ní ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun ṣe fún wọn ni àwọn āyah wọ̀nyẹn ń rán wọn létí, kí wọ́n lè dúpẹ́. Ọlọ́hun kan náà ló fi oòrùn, òṣùpá, atẹ́gùn àti ìkúukùu ṣe ìrọ̀rùn fún wọn. Ṣé oòrùn náà ti di ẹrú wọn ni?

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Nínú fíìmù ọ̀bọ tó jáde ní 2024, Caesar ti kú tipẹ́tipẹ́, ọba ọ̀bọ kan wá ń fi orúkọ Caesar àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kó àwọn ọ̀bọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rú. Àwọn tó ṣe fíìmù náà rò pé ohun tuntun ni àwọn rí. Ìbaaka Basra ti rí i láti ẹgbẹ̀rún ọdún: ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu ẹni tó fẹ́ jẹ gàba.

Lẹ́yìn èyí ni oníkálukú wá ń ro ẹjọ́ tirẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ ti ẹrù àti ẹgba. Àgbò sọ bí wọ́n ti ń mú ọmọ kúrò lọ́mú ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n sì ń fún wàrà ìyá náà mu. Ẹlẹ́dẹ̀ ní òun kò tilẹ̀ mọ ohun tí òun máa sọ, nítorí bí àwọn kan ti ń sá fún òun ni àwọn kan ń jẹ òun. (Ẹ̀rín ni ibí yìí máa ń pa wá.) Àwọn ìran ẹranko yòókù rán aṣojú wá: ajáko ti ọ̀dọ̀ kìnnìún wá, àkèré ṣojú àwọn ẹran omi, ìrẹ̀ ṣojú àwọn afàyàfà, odídẹrẹ́ ṣojú àwọn ẹyẹ apẹran. Ọba oyin fúnra rẹ̀ ló wá. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn yangàn, ó ní kí wọ́n wo ilé oyin tí igun rẹ̀ pé mẹ́fà géérégé, tí ẹnikẹ́ni kò sì mú ohun ìwọ̀n tàbí okùn kọ́ ọ. Ohun gbogbo tí ènìyàn bá kà sí ọlá, ẹranko kan wà tó ní tirẹ̀.

Ìgbà tó kù dẹ̀dẹ̀ ni ọkùnrin kan láti Hijāz, ará ilẹ̀ Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, dìde. Ó ní Ọlọ́hun yóò gbé àwọn dìde lẹ́yìn ikú, yóò bi àwọn léèrè, yóò fi alijánnà san án fún ẹni rere. Àwọn ẹranko ní, kí ló dé tí o kò dárúkọ iná? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, iná wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èyí ó wù kó jẹ́, àwa ni a ó wà títí láé. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹranko ti dákẹ́, tí ọba sì dá ẹjọ́ pé kí wọ́n wà lábẹ́ àṣẹ ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ tó bá gbọ́ ibẹ̀ máa ń ṣe hámúdù pé a jàre. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìṣirò Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ nìkan ló gba ẹjọ́ fún wa. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìbaaka ló jàre. Ìwé yìí rìn jìnnà. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Hébérù ní 1316, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ ìlú Majorca kan, Anselm Turmeda, tó ti jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kó tó gba Ìsìláàmù ní Tunis, kọ irú rẹ̀ ní èdè Catalan ní 1417. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń bá ènìyàn jiyàn nínú tirẹ̀.

Ní àdúgbò tiwa ńkọ́? Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ẹ ó rí àgbò tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn, tí wọ́n tún so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin wa tí wọ́n ń dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa kàn, tí àgbàlagbà dúró tí wọ́n ń wòran. Ẹran tí a fẹ́ fi sin Ọlọ́hun ni o. Hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá sọ nípa ràkúnmí kan ní Mẹ̀dínà tó rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lára títí ó fi dákẹ́, ó pe olówó rẹ̀, ó ní ẹran yìí ti fẹjọ́ rẹ sùn mí pé o ń fi ebi pa òun, o sì ń fi iṣẹ́ pa òun. Ẹjọ́ tí ẹranko pe ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe ti ìtàn.

Nítorí náà, a ti bẹ àwọn olùkọ́ pé ní wálímọ̀ ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà fi ẹjọ́ yìí ṣe eré, ní èdè Lárúbáwá àti Yorùbá, kí àwọn òbí lè gbọ́ ọ yé. Ọmọ mẹ́ta ti ń du ipò ìbaaka báyìí. Kò ì tíì sí ẹni tó fẹ́ ṣe ọkùnrin orí mínńbárì. A ó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àgbò bá ti dín nílẹ̀.