Ẹni Tí Ó Gba Epo Lájà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin, nítorí pé ọ̀rọ̀ irin ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ó kan ilé ìdáná wa àti ọmọ tí a bí.

Kò sí àdúgbò tí a kì í ti gbọ́ ohùn àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ wọn. A dá ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ ní ọdún 1979, ṣùgbọ́n wọn kò tíì parí rẹ̀. Irin àlòkù ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìkòròdú àti Ògìjo ń yọ́, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Ìkòkò tí ó ti lu àti bẹ́ẹ̀dì onírin tí ó ti kán wúlò fún wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a tà wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé láti ọdún 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, irin àti bàbà ti di ohun tí olè ń fi òru wá. Ìdérí gọ́tà, irin ẹ̀gbẹ́ afárá, wáyà iná àti ẹnu ẹ̀rọ omi, wọn kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba ti ọjà irin àlòkù ní Àbújá pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí irú olè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ TCN, tí ń gbé iná mànàmáná káàkiri Nàìjíríà, kéde pé òpó iná ńlá 128 ni àwọn olè àti àwọn agbébọn ti bà jẹ́ láàárín ọdún náà.

Ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ? Owó tí olè rí lórí ìdérí gọ́tà kan kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tí omi bo ojú ọ̀nà, ihò tí ó fi sílẹ̀ lè gbé ọmọ tí ń ti ilé ìwé bọ̀ mì. Bí wọ́n bá gé wáyà trànsífọ́mà, gbogbo àdúgbò ni yóò wọ òkùnkùn: ẹja inú fíríìsà oníṣòwò yóò bàjẹ́, agbẹ̀bí yóò sì máa fi iná tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí. Bí wọ́n bá yọ pọ́ǹpù omi, àwọn ọmọbìnrin wa ni yóò gbé garawa lọ sí ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni a óò tún dá owó jọ láti ra ohun tí a ti rà tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ń rà, ta ni olè yóò tà fún? Òfin náà mọ èyí. Abala 427 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí ó tó ọdún 14. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá gbé sílíńdà gáàsì tàbí ẹ̀rọ amúnáwá wá ní owó pọ́ọ́kú, tí kò sì lè sọ ibi tí ó ti rí i.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó mú ọmọrí ìkòkò ìyá rẹ̀ tà, tí ó fi owó rẹ̀ ra bisikíìtì, tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè, lè yọ ẹnu ẹ̀rọ omi aládùúgbò ní ọ̀la. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí:

Èkínní, kí ọmọ má ṣe ta irin kankan. Ìyá tàbí bàbá ni kí ó tà á, ní ọ̀sán gangan, fún ẹni tí a mọ ibi tí ó ń gbé.

Èkejì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní olówó. Gbogbo wa ni olówó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí gọ́tà tí kò ní ìdérí, ẹ ki ẹ̀ka igi bọ̀ ọ́ kí àwọn ènìyàn lè rí i, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ìdérí oníkọnkéré kò ṣe é tà fún oní-irin àlòkù.

Ẹ̀kẹrin, bí ọwọ́ bá tẹ afurasí, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lu ọmọ ọlọ́mọ pa lójú yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ti ọmọlanke ni olè.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Obìnrin tí ó bá bi ọmọ rẹ̀ léèrè lónìí pé, “Níbo ni o ti rí èyí?” ti dáàbò bo ọmọ náà, ó sì ti dáàbò bo àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Ó di oṣù tí ń bọ̀.