Ọ̀pá La Fi Sọ Ọlọ́pàá Lórúkọ, Kì Í Ṣe Ìbọn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Nígbà tí àwọn baba wa rí àwọn agbófinró tí ìjọba gbé dé, wọn ò pè wọ́n ní oníbọn. Ọlọ́pàá ni wọ́n pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó ni ọ̀pá. Ọ̀pá yẹn ni àmì àṣẹ, òun náà ni wọ́n sì fi ń lé èrò sẹ́yìn bí ọjà bá fẹ́ dàrú. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ti yí padà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tàbí láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, mọ ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí níbi tí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró: AK-47 tó fì lọ́rùn ọlọ́pàá. Ẹnu rẹ̀ lè kọjú sí ilẹ̀, ó sì lè kọjú sí fèrèsé tí ẹ jókòó tì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìbọn ogun kò yẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Ọta ìbọn tí wọ́n bá sì fún ọlọ́pàá èyíkéyìí, ohun tó yẹ ká máa kà lọ, ká sì máa kà bọ̀ ni, bí ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ń ka owó fún akápò.

Ẹ má jẹ́ ká wò ó bí ẹni pé ìbọn kan ò ju ìbọn kan lọ. Ọmọ ogun ilẹ̀ Soviet kan, Mikhail Kalashnikov, ló ṣe AK-47 lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ogun ló sì ṣe é fún. Ọta 30 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá yí i sí ibi tí á ti máa yìn láìdáwọ́ dúró, ó lè yin gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ọta rẹ̀ ń sáré ju mítà 700 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè pa ẹni tó wà ní mítà 300. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ò lè dá a dúró. Ẹni tí wọ́n yìn ín fún wà nínú ewu, ẹni tó dúró lẹ́yìn onítọ̀hún náà wà nínú ewu. Lójú ogun, èyí dáa fún ọmọ ogun, torí pé ọ̀tá ló wà níwájú rẹ̀. Ta ló wà níwájú ọlọ́pàá ní Mushin tàbí ní Bódìjà? Alákàrà ni, ọlọ́kadà ni, ọmọ ilé ìwé ni, àti ìyá àgbà tó ń bọ̀ láti ìsọ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2019, ọ̀dọ́kùnrin kan lọ wo bọ́ọ̀lù ní Mangoro, ní Èkó. Àwọn ọlọ́pàá wá mú ẹlòmíì ládùúgbò náà, wọ́n yìnbọn, ọta bà á, ó sì kú. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2022, agbẹjọ́rò kan tó wà nínú oyún wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àjáh. Ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà yìnbọn sí ọkọ̀ náà, àti òun àti oyún inú rẹ̀ ni wọ́n lọ. Ní oṣù kẹwàá 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà. Nínú ẹjọ́ yẹn, ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí pé ọta méjì ló dín nínú èyí tí wọ́n kà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ yẹn. Torí pé ẹnì kan ka ọta nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, ẹnì kan lè sọ níwájú adájọ́ pé ó dín. Níbi tí kò bá sí ẹni tó kà á, ta ló máa sọ?

Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn irú nǹkan báyìí ni pé ìbọn ló ṣèèṣì yìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í dédé jí láàárọ̀ kó sọ pé òun fẹ́ yìn. Ẹnì kan ló kó ọta sí i. Ẹnì kan ló ṣí ohun tó yẹ kó dè é. Ẹnì kan ló fi ìka síbi tí kò yẹ. Bí àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ bá lè gba ẹ̀mí èèyàn ní ibùdókọ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe àṣìṣe nìkan ló yẹ ká bi léèrè. Ó yẹ ká bi ẹni tó gbé ìbọn ogun lọ sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń fi ẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, wọ́n yìnbọn, Kúnlé Adépéjù sì kú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI dòní. Ní 1978, nígbà ìwọ́de tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ali Must Go, ọta ìbọn pa Akíntúndé Òjò, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Oúnjẹ àti owó oúnjẹ ni wọ́n torí ẹ̀ jáde o! Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé ìwé àti akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó yanjú, wọ́n fi ìbọn yanjú rẹ̀.

Ní ti àwa ìran òde òní, ìwọ́de nìkan kọ́ ni ewu wa. Kọ̀ǹpútà alágbèéká inú báàgì náà tó. “Ṣí fóònù ẹ. Níbo lo ti rówó ra èyí?” Òfin fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ yẹ fóònù wa wò. Àmọ́ ta ló fẹ́ ṣàlàyé òfin fún ẹni tí ìka rẹ̀ wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yin AK-47? Ibẹ̀ gan-an ni ìbọn yẹn ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, láì tiẹ̀ dún. Ó ń sọ ìbéèrè di àṣẹ, ó sì ń sọ ẹ̀bẹ̀ di owó. Ìdí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń sọ fún wa pé “bó o bá rí wọn, ṣáà máa sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà” nìyẹn.

Níbo ni àṣà yìí ti wá? Ní 1829, Robert Peel dá ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Kóńdó ni wọ́n fún wọn, torí pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ ọmọ ogun láàárín àdúgbò wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà gba Èkó ní 1861, ìbọn ni wọ́n fún àwọn tí wọ́n kó jọ láti máa ṣọ́ ìlú, wọ́n sì tún ń kó wọn lọ jagun. Iṣẹ́ ti ìlú wọn ni kí ọlọ́pàá sin ará ìlú. Iṣẹ́ ti ilẹ̀ wa ni kí ará ìlú bẹ̀rù ìjọba. Ọlọ́pàá Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930 jogún èyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, ní Enugu, nítorí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. A gba òmìnira ní 1960. Òmìnira yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ìbọn.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham lè jẹ́rìí pé títí di òní, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé ìbọn. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n kọ́ dáadáa ló ń gbé e, wọ́n sì máa ń pè wọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le. Ní New Zealand, inú ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti ìbọn mọ́. Mi ò sọ pé ọ̀run ni wọ́n wà. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí kò gbé ìbọn, ní Streatham. Ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà láre ní 2024, inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì dùn sí i. Àmọ́ àjọ tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá ló wádìí ọta kan ṣoṣo yẹn, kó tó dé iwájú adájọ́. Mélòó nínú àwọn ọta tiwa ló rí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì ń sọ lọ́kàn báyìí: “Nàìjíríà kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn adigunjalè wa ń gbé AK-47.” Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí àwọn olè kọlu àwọn báńkì ní Ọ̀fà, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n pa ará ìlú, wọ́n sì kó ìbọn lọ. Ọmọ ènìyàn ni ọlọ́pàá, ó níyàwó, ó lọ́mọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ lásán pàdé ajínigbé kò fẹ́ràn wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni Ọ̀fà kọ́ wa gan-an? Ó kọ́ wa pé ìbọn tí a pín káàkiri láìsí ètò kì í gba ọlọ́pàá là, ó sì lè di ohun ìjà olè. Ohun tó lè gba ọlọ́pàá là ni àgọ́ tó ní ògiri gidi, rédíò tó ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tó ní epo, aṣọ tí ọta kì í wọ̀, àti ikọ̀ kan tó mọ ìbọn ńlá lò, tó sì lè tètè dé. Kí ikọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé AK-47 lọ bá ajínigbé nínú igbó, mi ò ní wí nǹkan kan. Ẹni tó ń béèrè làísẹ́ńsì lọ́wọ́ awakọ̀ dánfó kì í ṣe ara ikọ̀ yẹn.

Kí ni mo wá ń béèrè? Èkíní, kí wọ́n ti ìbọn gígùn mọ́ inú àpótí nínú ọkọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá ikọ̀. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ gbé nǹkan, kó gbé ìbọn ìléwọ́, kó sì ní kóńdó pẹ̀lú, kó má bàa jẹ́ pé ikú nìkan ló lè fi dá èèyàn lóhùn. Èkejì, kí wọ́n ka ọta nígbà tó ń jáde àti nígbà tó ń wọlé, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Ọta tó bá dín, kí àlàyé rẹ̀ wà nínú ìwé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn láìwọ aṣọ iṣẹ́ tó ní orúkọ àti nọ́ńbà. Ẹni tó bá sì mutí, kó má sún mọ́ ọn. Ẹ̀kẹrin, bí ọta ọlọ́pàá bá ba èèyàn, kí àgọ́ rẹ̀ má ṣe ìwádìí ara rẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dá èyí sọ. Ní 1990, nípàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan ní Havana, ní Kúbà, wọ́n fẹnu kò pé kí ìjọba fún àwọn agbófinró ní oríṣiríṣi irinṣẹ́ tí kì í pani, kí wọ́n sì ní ìlànà lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn, bí a ṣe ń fúnni, àti bí ẹni tó gbà á yóò ṣe jíhìn ìbọn àti ọta rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yá mi lẹ́nu nísinsìnyí ni ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí gbogbo olóṣèlú wa ń béèrè. Àwọn gómìnà wa dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Nígbà tó di 2022, Gómìnà Akérédolú ìpínlẹ̀ Oǹdó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi lè gba ẹ̀ṣọ́ Katsina láyè láti lo AK-47, tí wọn ò sì gba Àmọ̀tẹ́kùn láyè. Ìbéèrè nípa ẹ̀tọ́ ọgbọọgba ni, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá tiwa bá dé tó sì gbé irú ìbọn kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò ka ọta rẹ̀, èdè nìkan ló máa yí padà. Wọ́n á fi Yorùbá tó dán mọ́rán sọ fún ìyá olóògbé pé ìbọn ló ṣèèṣì yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò nínú ọgbà wa, ẹ má kan béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Gbogbo wọn á ní àwọn fẹ́ ẹ. Ẹ bi wọ́n pé ìbọn wo ni wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́, ta ló máa ń ka ọta ní alẹ́, àti ta ni a máa lọ bá bí ọ̀kan bá dín.