Òkò Kì í Ṣe Èsì fún Ìwé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìjọba bá ti délẹ̀ ní Nàìjíríà, orúkọ Matthew Hassan Kukah kì í pẹ́ jáde. Àwọn kan a máa yìn ín bí ẹni tí kò lè ṣìnà. Àwọn kan a máa bú u láì tíì ka ojú ìwé kan nínú ohun tí ó kọ. Ọ̀nà méjèèjì kò yẹ Mùsùlùmí. Al-Kùránì Alápọ̀nlé pa á láṣẹ nínú Sūrah Al-Mā'idah, āyah 8, pé kí ìkórìíra ìjọ kan má ṣe mú onígbàgbọ́ òdodo ṣàbòsí.

Apá gúúsù Kàdúná ni wọ́n ti bí Kukah ní ọdún 1952. Ó di àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní ọdún 1976. Ó kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé rẹ̀, Religion, Politics and Power in Northern Nigeria, sì jáde ní ọdún 1993. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa tí ó wádìí ìwà ìfìyàjẹni ayé ìjọba ológun, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Sókótó ní ọdún 2011. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, òun ni ó wàásù ní Kàdúná níbi ìsìnkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, tí àwọn ajínigbé pa. Ìwà ipá tí wọ́n ń hù lórúkọ ẹ̀sìn, àti bí orílẹ̀-èdè yóò ṣe rí ìgbàlà kúrò nínú rẹ̀, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí ni ó wí? Ó ní àwọn aláṣẹ Àríwá a máa fi ẹ̀sìn ṣe àkàbà dé orí àga ìjọba. Òtítọ́ ni, Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ bínú sí òtítọ́ nítorí ẹnu tí ó ti jáde. Ta ni kò mọ olóṣèlú tí kì í rántí mọ́sáláṣí àfi bí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀? Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ Kukah kù sí wà. Nínú iṣẹ́ Kérésìmesì tí ó jẹ́ ní ọdún 2020, ó fi ẹ̀sùn kan Ààrẹ Muhammadu Buhari pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ń kó ipò fún, ó sì jọ pé ó fẹ́ kí Àríwá jẹ gàba lé àwọn yòókù lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ń jẹ àjẹkì, kí ló dé tí a ó fi kó gbogbo Àríwá mọ́ wọn? Àgbẹ̀ Mùsùlùmí ní Zamfara tí àwọn agbébọn lé kúrò lóko, kí ni ó rí jẹ nínú àga náà? Àwọn tí bọ́ǹbù kọlù ní Mọ́sáláṣí Ńlá Kánò ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú ọdún 2014, ìrun Jímọ̀ ni wọ́n wá kí.

Irú èsì tí ó tọ́ sí Kukah nìyẹn: ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹ̀rí sí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní Sókótó ní kí ó tọrọ àforíjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí ọdún 2022, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni kan ní ìlú yẹn, èrò sọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Deborah lókò pa, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ àìtọ́ sí Ànábì. Nígbà tí ọlọ́pàá mú àwọn afurasí, èrò tún jáde ní ọjọ́ 14 pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kukah. Bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá ní ọ̀ràn ọ̀daràn ni, kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí Sókótó ti ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Sultan Sókótó àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú dá ìpànìyàn náà lẹ́bi. Ta wá ni àwọn olókò náà ṣojú fún?

Wọn kò ṣojú fún Ìsìláàmù. Nínú Sharī'ah, adájọ́ ni í gbọ́ ẹ̀sùn, ẹlẹ́rìí ni í jẹ́rìí, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn a sì sọ tẹnu rẹ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èrò tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan ńkọ́? Āyah 32 nínú Al-Mā'idah fi pípa ẹ̀mí kan láìtọ́ wé pípa gbogbo aráyé. Ní ìlú Tā'if, wọ́n sọ Ànábì (SAW) lókò títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn. Màlékà bi í bóyá kí òun pa àwọn ènìyàn náà run, ó kọ̀, ó ní ìrètí pé nínú ọmọ wọn ni àwọn tí yóò sin Ọlọ́hun yóò ti jáde. Nínú ìtàn yẹn, apá ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tí ó di òkúta mọ́wọ́ lónìí dúró sí?

Ìyapa tí ó wà láàrin Mùsùlùmí àti Àgùdà lórí ìgbàlà kò fara sin. Àgùdà gbà pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni ó ra aráyé padà. Mùsùlùmí kò gbà bẹ́ẹ̀: Sūrah Al-An'ām, āyah 164, là á mọ́lẹ̀ pé ẹnìkan kò ní ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ó wá yani lẹ́nu pé ọ̀dọ́ tí ó fi āyah yìí bá Àgùdà jiyàn ní òwúrọ̀ ń retí ní ìrọ̀lẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò ṣílẹ̀kùn Àlùjánnà fún òun.

Kí ará Alákijà má sì wí pé Sókótó jìnnà. Ní Èkó yìí, igbe "olè!" kan péré ní ibùdókọ̀ ti tó kí èrò kó táyà àti epo bẹntiróò jáde, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tí ó sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ 4 ti Yunifásítì Port Harcourt tí èrò pa ní Aluu ní ọdún 2012, ẹ̀sùn olè ni wọ́n fi kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀. Ìwà èrò kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí ó bá wọn gbé táyà kò ní àwáwí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Àgùdà tí èrò fẹ́ sọ lókò lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tàbí àna ẹni.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ Kukah bá dùn wọra, kí ó wá ìwé rẹ̀, kí ó kà á tán, kí ó sì kọ èsì pẹ̀lú ẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bí Sūrah An-Nahl, āyah 125, ti pàṣẹ ọgbọ́n àti wáàsí rere. Ẹni tí ó bá bá èrò pàdé, kí ó sapá kí wọ́n fa ẹni tí wọ́n mú lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó má ṣe mú òkúta.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wà lọ́rùn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Āmīn.